Ṣòkòtò fún Ọdẹ Àgbọ̀nrín ní Brítéènì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Bí A Ṣe Ń Ra Èyí Tí Kò Ní Jẹ́ Kí Owó Ẹni Ṣòfò

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Brítéènì, tí wọ́n sì ń gbèrò láti máa bá àwọn ọlọ́dẹ ibẹ̀ wọ igbó, máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ ìbọn àti awò kí wọ́n tó rántí bèèrè ṣòkòtò. Ó yé mi, nítorí pé ìbọn ni ó ń wu ojú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọdẹ kan bá gba wákàtí mẹ́jọ, ìbọn lè máà ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú rẹ̀, nígbà tí ṣòkòtò yóò máa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi padà síbẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ ni mo kó jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti fi owó ara rẹ̀ kọ́gbọ́n.

Irú ọdẹ wo gan-an ni à ń sọ, kí ló sì kan ṣòkòtò nínú rẹ̀?

Ọdẹ yíyọ́ ni. Ènìyàn kan tàbí méjì yóò fi awò wá ẹran rí láti òkèèrè, wọn yóò wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, wọn yóò sì yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sún mọ́ ọn títí wọn yóò fi dé ibi tí ọta kan ṣoṣo ti tó. Kò sí ajá tí ń lé ẹran jáde, kò sì sí iná orí bíi ti àwọn ọdẹ wa tí wọ́n ń ṣọdẹ òru, nítorí pé òfin ibẹ̀ kò fàyè gba yíyin àgbọ̀nrín níbọn lóru láìní àṣẹ pàtàkì. Wákàtí kan ṣáájú kí oòrùn tó là títí di wákàtí kan lẹ́yìn tí ó bá wọ̀ ni àyè wà. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ sì ni ẹran náà máa ń jáde wá jẹun. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ṣòkòtò yín ni pé ìgbà tí ìrì pọ̀ jù lọ lórí koríko, tí òtútù sì mú jù lọ, ni ẹ ó máa wà nínú igbó.

Oríṣi àgbọ̀nrín mẹ́fà ni ó wà nínú igbó Brítéènì: red, roe, fallow, sika, muntjac àti Chinese water deer. Red àti roe nìkan ni ọmọ onílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ni ó kó àwọn yòókù wá. Mo ń pe gbogbo wọn ní àgbọ̀nrín nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wa ṣe pè é nínú Orin Dáfídì 42, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwo àgbọ̀nrín ilé wa kì í já bọ́ títí tí yóò fi kú, tí ti akọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òyìnbó sì ń já bọ́ lọ́dọọdún tí òmíràn ń hù.

Ibi méjì ni ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ti pín sí. Lórí àwọn òkè Skọ́tlándì, níbi tí igi kò pọ̀, ẹ lè rìn ní ọ̀pọ̀ máìlì, kí ẹ la odò kékeré kọjá, kí ẹ sì wá fi àyà wọ́ lórí ilẹ̀ àbàtà dúdú fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó rí ẹran náà dáadáa. Nínú igbó onígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rìn díẹ̀, ẹ ó sì jókòó pẹ́, nígbà mìíràn lórí àga gíga tí wọ́n fi àkàbà gùn, láìmira. Ẹni tí ń wọ́ nílẹ̀ àti ẹni tí ó jókòó tẹtẹrẹ kò lè wọ irú ṣòkòtò kan náà kí ó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ ó ti máa ṣọdẹ jù.

Ṣé mi ò lè wọ jíìnsì tí mo ti ní nílé?

Rárá o. Òwú ni jíìnsì, òwú a sì máa fa omi mu bíi kànrìnkàn, kì í tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú ara móoru mọ́ ní kété tí ó bá ti tutù. Ẹni tí ìrì bá ti rẹ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún ní aago márùn-ún ìdájí yóò ti máa gbọ̀n ní aago mẹ́fà, ọwọ́ tí ó sì ń gbọ̀n kò yẹ lórí ìbọn. Yàtọ̀ sí èyí, aró búlúù tí ó wà lára jíìnsì jẹ́ àwọ̀ tí ojú àgbọ̀nrín ń rí kedere, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ṣàlàyé níwájú.

Ohun tí ẹ lè wọ̀ nínú ohun tí ẹ ti ní, bí ẹ bá kàn fẹ́ tẹ̀lé ẹnìkan lọ wòran lẹ́ẹ̀kan, ni ṣòkòtò onírun àgùntàn èyíkéyìí tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti ilẹ̀ tàbí ti ewé. Mo mọ ẹni tí ó wọ ṣòkòtò kóòtù bàbá ìyàwó rẹ̀ tó ti gbó, aláwọ̀ eérú, tí ó nípọn, tí kò sì sí ohun tó ṣe é. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú àpò ṣòkòtò lóòótọ́.

Irú aṣọ wo ni ó dára jù lọ?

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, irun àgùntàn ni n ó mú. Irun náà lè gba ọ̀rinrin tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ pé ó ti tutù, a sì tún máa mú ara móoru bí ó ti tutù tó. Ohun tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé kì í dún. Ẹ fi ẹ̀gún fà á, ẹ fi èékánná họ ọ́, ẹ fi itan kan nu èkejì: kẹ́kẹ́ pa. Tweed ti Skọ́tlándì àti loden ti àwọn òkè Austria ni oríṣi méjì tí ẹ ó máa rí. Ti loden ni pé wọ́n ti fi omi gbígbóná àti ìlù sọ aṣọ náà di kíki, tó bẹ́ẹ̀ tí òjò wẹ́wẹ́ fi máa ń yọ́ kúrò lórí rẹ̀. Àléébù irun àgùntàn ni pé ó wúwo, pàápàá bí ó bá ti mu omi yó, ó lè máa yún awọ ara ẹni tí kò wọ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gún igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fa fọ́nrán rẹ̀ yọ.

Aṣọ kejì ni èyí tí wọ́n fi òwú àti polyester hun pọ̀. Ilé iṣẹ́ Fjällräven ti Sweden, fún àpẹẹrẹ, ń fi polyester ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àti òwú ìdá 35 hun aṣọ tí wọ́n ń pè ní G-1000, ẹni tí ó rà á sì lè fi ìda tí wọ́n fi paraffin àti ìda oyin ṣe pa á lára, kí ó fi áyọ́ọ̀nù yọ́ ọ wọ inú aṣọ. Bí ìda bá ṣe pọ̀ tó ni omi kò ṣe ní í tètè wọlé tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe le tó, tí yóò sì máa dún. Ibi tí mo máa ń pa á sí kò ju orúnkún àti ìdí lọ. Irú aṣọ yìí lágbára, kò wúwo, ẹ̀gún kì í tètè fà á ya, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín méjì. Fún ẹni tí yóò máa rìn nínú igbó onígi láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, kò sí èyí tí ó wúlò jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta ni fleece, aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi fọ́nrán ike ṣe, àti àwọn aṣọ tí ń fà bíi rọ́bà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ń ṣe báyìí, tí ojú wọn rí múlọ́múlọ́. Wọn kì í dún, wọn sì rọrùn fún ẹni tí yóò gun àkàbà. Ẹ̀gún ni ọ̀tá wọn, atẹ́gùn sì ń gba inú fleece lásán kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní ti náílọ́ọ̀nù tó ń dán, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn tí ń gun òkè fi ń ṣe ṣòkòtò, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń gun òkè.

Báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá ṣòkòtò kan yóò dún kí n tó san owó?

Ìbéèrè yìí ni mo kọ́kọ́ yẹ kí n ti bèèrè ní tèmi. Ṣòkòtò ọdẹ àkọ́kọ́ tí mo rà, ọ̀kan tí olùtajà fi dá mi lójú pé òjò ọjọ́ méje kò lè kọjá nínú rẹ̀, ni mo wọ̀ lọ sí igbó kan ní Suffolk ní òwúrọ̀ oṣù karùn-ún. Nínú ilé ìtajà, orin ń lọ, ènìyàn ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan lára rẹ̀. Nínú igbó, ní aago márùn-ún ìdájí, gbogbo ìgbésẹ̀ mi ń dún fìṣì-fìṣì bí ẹni ń ká ìwé ìròyìn. Ọ̀gbẹ́ni tí ó ń ṣamọ̀nà mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn yíjú wo itan mi, ó sì tún yíjú padà. A ṣì jìnnà sí pápá náà nígbà tí akọ roe kan gbé orí sókè, ó gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ajá, ó sì wọgbó lọ. A kò rí òmíràn ní òwúrọ̀ yẹn.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. N ó gbé ṣòkòtò náà wọ yàrá tí wọ́n ti ń gbìyànjú aṣọ wò, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó rìn láti ògiri dé ògiri pẹ̀lú itan tí ń nu ara wọn, n ó sì tẹ́tí. Lẹ́yìn náà n ó fi èékánná họ orúnkún rẹ̀, nítorí pé ìró tí èékánná bá mú jáde ni ẹ̀ka igi yóò mú jáde. Bí ó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, tí àǹfààní àtidá a padà sì wà, n ó ká a sínú ọ̀rá, n ó gbé e sínú fìríìjì fún bí ìdajì wákàtí kí n tó tún họ ọ́. Ìyàwó mi fi èyí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n fi ìpele rọ́bà sábẹ́ ni ó máa ń le gbagidi nígbà tí òtútù bá mú un, ìró tí kò sí lára rẹ̀ nínú ilé tó móoru yóò sì jáde.

Ṣé dandan ni kí ṣòkòtò ọdẹ jẹ́ èyí tí omi kò lè wọ̀?

Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ díẹ̀.

Nọ́mbà tí ẹ ó rí lára ìwé pélébé aṣọ, bíi 10,000 tàbí 20,000, jẹ́ ìwọ̀n bí omi tí wọ́n gbé dúró lórí aṣọ náà ti ga tó, ní mìlímítà, kí ó tó rí ọ̀nà gbà wọlé. 10,000 túmọ̀ sí omi tó ga ní mítà mẹ́wàá. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ bá fi orúnkún lélẹ̀ lórí ilẹ̀ rírẹ̀, tí gbogbo ìwọ̀n ara yín sì wà lórí ibi kékeré yẹn, agbára tí ó ń ti omi wọlé ga ju ti òjò tí ń rọ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí ṣòkòtò kan náà fi lè gbẹ ní itan kí ó sì rẹ ní orúnkún.

Ohun tí ó ń dá omi dúró náà kì í ṣe ojú aṣọ, bí kò ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Gore-Tex ni ó lókìkí jù nínú irú rẹ̀. Ọdún 1969 ni Robert Gore ṣàwárí, ní Amẹ́ríkà, pé bí èèyàn bá fa irú ike kan tí ń jẹ́ PTFE lójijì yóò kún fún ihò kéékèèké tí omi kò lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí ooru òógùn ara ẹni lè gbà jáde. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n àwọn ihò náà kì í tètè tú òógùn ẹni tí ń gòkè jáde tó, awọ náà a sì máa mú kí aṣọ dún. Èyí tí kò dún nínú wọn wà, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà á.

Ìdájọ́ tèmi ni pé kí ẹ ra ṣòkòtò tí kò dún, tí ó sì tètè ń gbẹ, kí ẹ wá ra ṣòkòtò òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́tọ̀, èyí tí a lè wọ̀ lé e láìbọ́ bàtà nítorí pé sípù rẹ̀ gùn dé orúnkún, kí ẹ ká a sínú àpò ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń rìn nínú òjò ńlá, ẹ wọ̀ ọ́. Ìró òjò fúnra rẹ̀ yóò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹran, ẹ bọ́ ọ. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ kì í sábà wọ́n tó ẹyọ kan tó fẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹni tí mo lè yọ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí ni ẹni tí yóò máa wọ́ lórí àbàtà Skọ́tlándì lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún: òun lè ra èyí tí ó ní awọ náà ní orúnkún àti ìdí nìkan.

Ṣé aṣọ aláràbarà bíi ti sójà ni kí n rà, kí ẹran má baà rí mi?

Kò pọn dandan. Àwọn onímọ̀ ní University of Georgia ní Amẹ́ríkà ti ṣèwádìí ojú àgbọ̀nrín, wọ́n sì rí i pé oríṣi méjì péré ni ohun tí ń mọ àwọ̀ nínú ojú wọn, níbi tí tiwa ti jẹ́ mẹ́ta. Pupa àti ọsàn kò hàn sí wọn bí ó ṣe hàn sí wa. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi lè fi dandan lé e pé kí ọlọ́dẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, kí ọlọ́dẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà yìnbọn lù ú, láìjẹ́ pé ẹran ń sá. Búlúù ni ojú wọn mú, àti ìmọ́lẹ̀ kan tí ó ga ju búlúù lọ tí ojú ènìyàn kò rí rárá. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ní èròjà kan tí ń mú kí aṣọ funfun tàn, tí ó sì ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ búlúù yẹn jáde. Ṣòkòtò aláwọ̀ ewé tí ẹ bá fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ̀ yóò máa tàn lójú ẹran ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bí ó tilẹ̀ ṣú lójú yín.

Nítorí náà, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé gbígbẹ ti tó. Ohun tí ó ń tú ọlọ́dẹ síta ju àwọ̀ lọ ni mímira, lẹ́yìn rẹ̀ òórùn, lẹ́yìn rẹ̀ ìró. Bí ẹ bá sì ń lọ sí ilẹ̀ olówó kan ní Skọ́tlándì gẹ́gẹ́ bí àlejò, aṣọ aláràbarà lè mú kí wọ́n fi ojú kan wò yín, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ka aṣọ ọdẹ sí ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí.

Kí ló dé tí àwọn ọlọ́dẹ Skọ́tlándì fi ń wọ ṣòkòtò tí kò dé kókósẹ̀?

Breeks ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ orúnkún ni ó ti ń dè, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn gígùn ni yóò sì bo ojúgun. Bí ẹni bá rò ó dáadáa, ọgbọ́n ni: ibi tí ìrì àti odò ti ń rẹ ṣòkòtò ènìyàn jù ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ìsàlẹ̀ kò bá sì sí, kò sí ohun tí yóò rẹ. Ìbọ̀sẹ̀ rọrùn láti pààrọ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò tó mọ ní orúnkún lọ sóko kò ní rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀.

Tweed ni wọ́n fi ń rán an. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn onílẹ̀ ńlá ti ń ní àwọ̀ tweed tiwọn tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń wọ̀, bí ẹbí ṣe ń dá aṣọ ẹgbẹ́ jọ nílé wa. Ọmọ-ọba Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, ni wọ́n ní ó ṣètò ti Balmoral, ilẹ̀ ìdílé ọba ní Skọ́tlándì. Àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ni wọ́n fi ń hun ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ni pé tweed ni aṣọ ìfarapamọ́ kí ti sójà tó dé. Bí ẹ bá rí orúkọ Harris Tweed lára aṣọ, òfin ọdún 1993 ni ó dáàbò bò ó: àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ hun ún nínú ilé wọn. Ẹ kò nílò rẹ̀ láti pa ẹran, ó sì wọ́n.

Kí ni kí n wò lára rírán rẹ̀?

Orúnkún àti ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ó yẹ kí wọ́n fi aṣọ mìíràn lé ibẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kí orúnkún sì ti tẹ̀ díẹ̀ láti ibi rírán, kí ó má baà máa fà yín nígbà tí ẹ bá kúnlẹ̀. Láàárín itan méjèèjì, ẹ wá ègé aṣọ onígun mẹ́rin kékeré tí wọ́n fi sí ojú oríta. Ṣòkòtò tí kò ní in ni ó máa ń ya fàà nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè láti fo odi. Àpò itan gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì tàbí sípù, ṣùgbọ́n ẹ sá fún velcro, ìdè tí ń lẹ̀ mọ́ra wọn, bí ẹ ṣe ń sá fún ejò, nítorí pé ìró rẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣí i tó láti lé ẹran jìnnà. Ẹ̀yìn ìbàdí yẹ kí ó ga ju iwájú lọ, kí òtútù má baà wọlé nígbà tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀. Èmi fẹ́ràn okùn èjìká ju ìgbànú lọ, nítorí pé irin ìgbànú a máa wọ ikùn lára nígbà tí a bá ń fi àyà wọ́.

Ìwọ̀n wo ni kí n mú?

Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ wọn ìbàdí àti inú ẹsẹ̀ yín fúnra yín, pẹ̀lú aṣọ òtútù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́mbà jíìnsì yín. Ọ̀pọ̀ nínú ṣòkòtò ọdẹ tó dára ń wá láti Jámánì, Austria àti Skandinéfíà, nọ́mbà wọn sì yàtọ̀: bí 50 bá jẹ́ ti ẹni tí gíga rẹ̀ wà láàárín, 25 ni ti ẹni kúkúrú tí ìbàdí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀, 98 sì ni ti ẹni gíga. Mo ti rí ẹni tí ó dá 98 padà láìgbé e wò, tí ó ní àṣìṣe ni wọ́n ṣe. Àwa tí Ọlọ́run sì fún ní itan gbọ́dọ̀ kíyè sí ibẹ̀ gidi: ẹ wọ ṣòkòtò náà, ẹ jókòó lórí ìgìrìsẹ̀ yín, ẹ sì gbé orúnkún kan dé àyà. Bí ó bá fún níbikíbi, ẹ gbé nọ́mbà kan sókè, kí ẹ fi okùn èjìká dè é.

Mo gbọ́ pé eégbọn pọ̀ nínú igbó ibẹ̀. Ṣé ṣòkòtò lè ṣe nǹkan sí i?

Ó lè ṣe púpọ̀. Ibi tí àgbọ̀nrín bá wà ni eégbọn wà, ó sì lè kó àrùn Lyme ran ènìyàn. Ojú koríko àti ewé ni ó ti ń dúró de ẹni tí ń kọjá, yóò sì máa gun ara rẹ̀ lọ sókè láti ẹsẹ̀. Nítorí náà ẹ fi ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tàbí kí ẹ de aṣọ ojúgun lé e. Aṣọ tó ń dán kì í jẹ́ kí eégbọn di í mú dáadáa, irun àgùntàn àti fleece sì ń gbà á láyè. Èyí ni ibì kan tí irun àgùntàn mi pàdánù. Permethrin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sára aṣọ, máa ń pa á, àmọ́ kí ẹni tó ní ológbò nílé ṣọ́ra, nítorí pé májèlé ni fún ológbò.

Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ kí ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ìbàdí. Bí ẹ bá rí i tí ó ti gé yín jẹ, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ mú un ní ìdí orí rẹ̀, ẹ fà á sókè láìyí i, ẹ má sì ta kẹrosíìnì sí i bí a ti ń ṣe fún ajá. Bí àmì pupa tó ń gbòòrò bá jáde lára yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, ẹ tọ dókítà lọ, kí ẹ sì sọ fún un pé eégbọn jẹ yín.

Èló ló yẹ kí n ná?

Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ pín in sí iye ìgbà tí ẹ ó wọ̀ ọ́. Ká ní ẹ ra ṣòkòtò 40 pọ́n-ùn tí ó ya lẹ́yìn ìjáde ogún: pọ́n-ùn méjì ni ìjáde kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ká ní ẹ ra ti 150 pọ́n-ùn tí ó sìn yín fún ọdún mẹ́fà, ìjáde ogún lọ́dún: ìjáde 120 nìyẹn, pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kò lè rí irú ìṣirò yẹn láéláé, kò sì yẹ kí ó fi ara rẹ̀ sínú gbèsè.

Fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, ilé ìtajà àwọn ohun tí iléeṣẹ́ ológun ti pa tì ni mo máa ń rán an lọ. Ṣòkòtò moleskin ti àwọn ológun Jámánì, òwú tí wọ́n hun pọ̀ tó sì rọ̀ bí awọ ẹran, kì í dún, ó nípọn, kì í sì í tètè ya. Òwú ni ṣá o, nítorí náà ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ wọ̀ ọ́. Ṣòkòtò onírun àgùntàn ti àwọn ológun Sweden dára jù ú lọ fún òtútù, bí ẹ bá rí èyí tí kòkòrò kò tíì jẹ. Kí ẹ gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ihò tí ojú kò rí lórí tábìlì yóò hàn. Ibòmíràn tí ó dára ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tweed àlòkù, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn olówó ń ra breeks fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ikùn wọn á sì tóbi kí wọ́n tó tún padà lọ.

Àkókò tún wà fún rírà. Ìgbà tí ọdẹ abo red deer bá ń parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn òpin oṣù kẹta, ni àwọn olùtajà máa ń fẹ́ kí aṣọ òtútù kúrò nílẹ̀.

Ṣé ti obìnrin yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ ní ìbàdí àti itan, ó sì ṣeni láàánú pé oríṣi tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin kò pọ̀ tó ti ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ń bá wa jáde ń ra ti ọkùnrin tí ó gba itan rẹ̀, ó sì ń gbé e lọ fún aránṣọ kí ó dín ìbàdí kù. Owó aránṣọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rùn tí ó rí.

Bí mo bá rà á, ṣé mo lè wọ̀ ọ́ bá àwọn ọdẹ jáde nílé?

Ẹ fi irun àgùntàn sílẹ̀ síbẹ̀, ooru yóò pa yín. Èyí tí wọ́n fi òwú àti polyester hun, láìfi ìda pa á, lè wúlò nínú igbó ọlọ́pọ̀ ẹ̀gún. Bí àwọn àgbà ọdẹ bá fi yín rẹ́rìn-ín pé òyìnbó ni yín, ẹ fara mọ́ ọn. Gbérí wọn ti wọ igbó kí aránṣọ tiyín tó dáyé.

Báwo ni n ó ṣe máa fọ̀ ọ́ kí ó lè pẹ́?

Ẹ máa fọ̀ ọ́ níwọ̀n. Ẹrẹ̀ tó bá ti gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí i nígbà tí ẹ ń tú ẹran, omi tútù ni kí ẹ tètè fi fọ̀ ọ́, nítorí pé omi gbígbóná yóò jẹ́ kí ó dì mọ́ aṣọ. Ọṣẹ tí kò ní èròjà ìtànyòò àti òórùn dídùn ni kí ẹ lò, ẹ má sì sún mọ́ omi amáṣọrọ̀, tí ó ń ba ohun tí ń lé omi dànù lójú aṣọ jẹ́. Bí omi kò bá kó jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lórí rẹ̀, oògùn alómilọ tí a ń fọ́n sí i tàbí tí a ń pò mọ́ omi ìfọṣọ wà lọ́jà. Irun àgùntàn kò fẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kúrò nídìí iná, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò tí kòkòrò kò lè wọ̀ nígbà tí ẹ kò bá lò ó. Ibi tí ẹ̀gún bá ti fà á yọ, ẹ má gé fọ́nrán náà: ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á padà sí inú, kí ẹ dè é ní kókó lódìkejì.